Ojú ọgbẹ́ ti jinná, kí ló dé tí ọwọ́ ṣì ń jó?

Arábìnrin kan ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn ni dígí gé mi ní ọrùn ọwọ́, lápá ibi àtàǹpàkò. Wọ́n rán an, ó jinná dáadáa, àpá ẹ̀ ò tiẹ̀ tóbi. Àmọ́ látìgbà yẹn ni ẹ̀yìn àtàǹpàkò mi ti ń jó bí ẹni fi iná sí i, nígbà míì á gún mi gbì bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn. Mi ò lè wọ aago sọ́wọ́ yẹn mọ́, etí aṣọ lásán tó bá fara kàn án mo ti fò sókè. Ẹ́ẹ̀sìréè ò rí nǹkan kan. Dókítà kan ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀, ó ní kò sí inflammation kankan lára mi. Ẹlòmíì ní inflammation gan-an ló ń bá nẹ́ẹ̀fù mi jà, pé kí n ṣáà máa lo diclofenac lọ. Mo ti lò ó títí, kò ràn án. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Àbí inú orí mi ni ìrora yìí wà?"

Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an o. Ìbéèrè tẹ́ ẹ fi kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀ ni n ó kọ́kọ́ dáhùn: rárá o, kì í ṣe pé ẹ̀ ń ro ó sọ́kàn ni, ibi tí ìrora yẹn wà ṣe é tọ́ka sí, a ó sì débẹ̀ láìpẹ́. Àwọn dókítà méjèèjì náà, kò séyìí tó parọ́ nínú wọn, ìdajì ọ̀rọ̀ ni kálukú wọn kàn mú lé yín lọ́wọ́. Ẹni tó ní kò sí inflammation, ohun tí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lè rí ló sọ. Ẹni tó ní inflammation ni, ó mọ̀ ọ́n, àmọ́ oògùn tó fún yín, àdírẹ́sì tí inflammation yẹn ti kó kúrò ló ṣì ń gbé lẹ́tà lọ.

Ẹ jẹ́ n yà díẹ̀ ná. Iṣan là ń pe nǹkan púpọ̀ lédè wa: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, èyí tó so ẹran mọ́ egungun, èyí tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sọ́pọlọ. Ẹni tó bá wọlé tó ní "iṣan ń dùn mí", mo máa ń bi í léèrè bí ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó mọ èyí tó ń sọ. Torí ẹ̀, nẹ́ẹ̀fù ni n ó máa pe wáyà ìmọ̀lára yìí. Inflammation náà, wíwú nìkan ò kájú ẹ̀. Celsus, ará Róòmù tó kọ̀wé ìṣègùn ní nǹkan bí ọdún 2000 sẹ́yìn, àmì mẹ́rin ló fi júwe ẹ̀: á pọ́n, á wú, á gbóná, á máa ro.

Ọjọ́ tí dígí gé yín, kí wọ́n tó fi abẹ́rẹ́ kàn án pàápàá, ara ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fara gbọgbẹ́ àtàwọn tó ń ṣọ́ abẹ́ awọ tú kẹ́míkà síta, histamine, bradykinin, prostaglandin, òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà níbẹ̀ ṣí, omi jò wọnú ẹran, ló fi wú, ló fi pọ́n. Láàárín wákàtí díẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń jẹ́ neutrophil ti ya débẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ bíi méjì macrophage tẹ̀ lé wọn, àwọn yẹn ni apalẹ̀mọ́, wọ́n ń jẹ kòkòrò, wọ́n ń jẹ òkú sẹ́ẹ̀lì. Gbogbo kẹ́míkà yìí náà ló ń bá ẹnu nẹ́ẹ̀fù sọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn kan wà lẹ́nu nẹ́ẹ̀fù tó ń jẹ́ TRPV1, David Julius àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló dá a mọ̀ lọ́dún 1997, ó wà lára ohun tó jẹ́ kó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ata ń ṣí ilẹ̀kùn yìí, ooru tó bá ti ju bí ìwọ̀n 43 lọ ní Celsius náà ń ṣí i. Tí inflammation bá wá débẹ̀, ìwọ̀n yẹn á já wálẹ̀, débi pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ò ṣe ọwọ́ kejì ní nǹkan kan á máa jó èyí tó gbọgbẹ́. Ẹ rántí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ìrora ìgbà yẹn wúlò, òun ni ò jẹ́ kẹ́ ẹ máa fi ọwọ́ yẹn gbé nǹkan kiri kó tó san.

Ibí gan-an ni diclofenac àti ibuprofen ti ń ṣiṣẹ́. John Vane ló fi hàn lọ́dún 1971 pé aspirin kì í jẹ́ kí ara rí prostaglandin ṣe, àwọn ìbátan ẹ̀ wọ̀nyí náà, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹsẹ̀ tó fi rọ́, eyín tó ń ro, wọ́n á gbọ́ tiwọn.

Àmọ́ dígí yẹn ò mọ sí awọ nìkan. Níbi tẹ́ ẹ júwe yẹn, nẹ́ẹ̀fù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gba abẹ́ awọ kọjá, superficial radial nerve lorúkọ ẹ̀, kò sẹ́ran tó bò ó, òun ló ń gbé ìmọ̀lára ẹ̀yìn àtàǹpàkò àti ẹ̀yìn ọwọ́ lápá ibẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, torí tó bá ti fara pa, ó máa ń di ọ̀rọ̀. Mi ò tíì fojú rí yín o, àmọ́ bẹ́ ẹ ṣe tò ó sílẹ̀ yẹn, òun ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí nẹ́ẹ̀fù tó gé? Lọ́dún 1850, Augustus Waller gé nẹ́ẹ̀fù ahọ́n àkèré, ó wá ń wo bí apá tó já kúrò lára ìdí ẹ̀ ṣe ń jẹrà lọ díẹ̀díẹ̀. Tèèyàn náà ò yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì Schwann tó wé mọ́ wáyà yẹn bíi rọ́bà á pe macrophage, wọ́n á jọ kó pàǹtí kúrò lọ́nà kí nẹ́ẹ̀fù tuntun lè ríbi hù gbà, nǹkan bíi mìlímítà 1 lóòjọ́ ló sì ń hù, ẹ lè fi rúlà wọn ọ̀nà láti ọrùn ọwọ́ dé orí èékánná kẹ́ ẹ rí i bó ṣe ń pẹ́ tó. Tẹ́ ẹ bá dá inflammation yìí dúró pátápátá, pàǹtí ò ní kúrò, nẹ́ẹ̀fù ò sì ní hù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí gbogbo èèyàn ló ń bú inflammation bí ẹni ń bú olè, bẹ́ẹ̀ òun náà ló ń gbálẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn níbi iṣẹ́ yẹn, TNF, interleukin-1, interleukin-6, pẹ̀lú NGF tó ń mú nẹ́ẹ̀fù hù (Rita Levi-Montalcini àti Stanley Cohen gba Nobel lórí ìwádìí irú èyí ní 1986), bí wọ́n ṣe ń ran nẹ́ẹ̀fù lọ́wọ́ náà ni wọ́n ń mú un gbaná jẹ. Nẹ́ẹ̀fù tó yẹ kó dákẹ́ títí nǹkan á fi kàn án á bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀. Gbì tẹ́ ẹ ní ó ń gún yín yẹn nìyẹn. Kò sóhun tó kàn yín, wáyà ló dá sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí náà, tí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ara sì ní kẹ́míkà tó fi ń sọ fún wọn pé ó tó: interleukin-10 wà níbẹ̀, àwọn tí Charles Serhan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ pè ní resolvin náà wà níbẹ̀, ọ̀rá omega-3 lara fi ń ṣe wọ́n. Macrophage tó ń pariwo lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lè pa ohùn dà kó wá di ẹni tó ń tún nǹkan ṣe. Lára ẹlòmíì, ìpadàsílé yìí ò wáyé tán. Ẹ̀ka nẹ́ẹ̀fù tuntun tó ń wá ọ̀nà lè kọ lu àpá, kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ra ẹ̀ po bí òwú tó ta kókó, neuroma ni wọ́n ń pè é, àwọn macrophage kan á sì jókòó ti kókó yẹn wọn ò ní lọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í dúró lọ́wọ́. Ilé tí nẹ́ẹ̀fù yẹn ti jáde wá, ibi tí ara sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ gan-an wà, ẹ̀gbẹ́ egungun ọrùn ló wà, dorsal root ganglion ni wọ́n ń pè é. Ọwọ́ ni dígí gé, àmọ́ macrophage á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nínú ilé tó wà lọ́rùn níbẹ̀, níbi tí dígí ò dé rárá. Láti ibẹ̀ ó di inú spinal cord, okùn tó gba inú egungun ẹ̀yìn, níbi tí nẹ́ẹ̀fù ọwọ́ ti ń fa ọ̀rọ̀ lé nẹ́ẹ̀fù míì lọ́wọ́ kó bá a gbé e dé ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ microglia, ẹ ṣáà pè é ní mọ̀lẹ́bí macrophage. Lọ́dún 2003, Makoto Tsuda, Kazuhide Inoue, Michael Salter àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn lára eku pé tí nẹ́ẹ̀fù ẹsẹ̀ bá fara pa, microglia inú spinal cord á jí, ilẹ̀kùn kan tó ń jẹ́ P2X4 á pọ̀ lára wọn, tí wọ́n bá sì ti ilẹ̀kùn yẹn pa, ìrora á rọlẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n mọ ohun tí microglia yìí ń ṣe gan-an: kẹ́míkà kan, BDNF, ló ń tú jáde sára nẹ́ẹ̀fù tó wà nítòsí, ìyẹn ló sì ń ba bíréèkì jẹ́.

Spinal cord ní bíréèkì o. Àìmọye ìròyìn ló ń bọ̀ látara awọ ní gbogbo ìṣẹ́jú, aṣọ tó kàn wá, afẹ́fẹ́, àga tá a jókòó lé, bíréèkì yìí ni kì í jẹ́ kí wọ́n di ìrora kí wọ́n tó dé òkè. Tí BDNF bá ti ṣe tiẹ̀ tán, bíréèkì á dẹ̀, nígbà míì ohun tó yẹ kó dá ọ̀rọ̀ dúró gan-an ló tún máa ń tì í lọ. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ etí aṣọ yín. Nẹ́ẹ̀fù tó ń ròyìn aṣọ kì í ṣe nẹ́ẹ̀fù ìrora rárá, ojoojúmọ́ ló ń kọjá tirẹ̀ láì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ní spinal cord níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣí geètì ìrora fún un. Clifford Woolf ló fi irú ìgbónájù spinal cord bẹ́ẹ̀ hàn lọ́dún 1983. Nítorí náà tẹ́nì kan bá ní "aṣọ lásán, kí ló lè dùn yín níbẹ̀", ẹ má bá a jiyàn, kò mọ̀ ni.

Ẹ̀yin obìnrin, tiyín tún wà níbí. Lọ́dún 2015 àwọn olùwádìí rí i pé tí wọ́n bá dí microglia lọ́wọ́, akọ eku ló ń rí ìtura, abo ò rí i, lára abo ó jọ pé irú sẹ́ẹ̀lì funfun míì, T cell, ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́ tó jẹ́ pé akọ eku nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún ìwádìí ìrora, nígbà tó sì jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ìrora tó pẹ́ ń bá fínra. Mi ò fẹ́ sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu.

Ó yá, ká padà sórí tẹ́ẹ̀sì. ESR àti CRP, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sábà fi ń wá inflammation, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ káàkiri ara ni wọ́n ń bi léèrè. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP, nígbà tí inflammation bá pọ̀ débi tí ariwo ẹ̀ á fi dé etí ẹ̀dọ̀ níbi tó wà. Ìwọ̀nba macrophage tó jókòó ti kókó nẹ́ẹ̀fù tí ò ju orí ìṣáná lọ, àti microglia tó wà nínú spinal cord, ẹ̀dọ̀ ò gbọ́ nípa wọn rárá. Ẹ́ẹ̀sìréè ní tiẹ̀, egungun ló ń wò.

Irú ìrora yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, 1861 sí 1865, Silas Weir Mitchell tọ́jú àwọn ṣọ́jà tí ọta ìbọn ba nẹ́ẹ̀fù wọn jẹ́. Ọgbẹ́ ti jinná, ọwọ́ ṣì ń jó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan kì í jẹ́ kí aṣọ tútù kúrò lọ́wọ́ wọn, omi ò sì gbọdọ̀ jìnnà sí wọn, ó wá tún kan bàtà, wọ́n ń da omi sínú bàtà tí wọ́n wọ̀, torí bí ẹsẹ̀ gbígbẹ bá ń ra bàtà, ọwọ́ ló ń dùn wọ́n. Mo máa ń rántí omi inú bàtà yìí nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ń tijú láti sọ ohun tó ń ṣe kí ìrora lè gbé e sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ diclofenac wá kù. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, prostaglandin ọrùn ọwọ́ kọ́ ló ń ṣe yín mọ́, microglia kì í sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ diclofenac. Àwọn tó kó ìwádìí jọ fún Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, lọ́dún 2015 lórí ibuprofen àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ fún ìrora nẹ́ẹ̀fù, wọn ò rí ẹ̀rí gidi kan pé ó ń ràn án. Ohun tó ń ṣe sí inú, sí kídìnrín, sí ọkàn tó bá pẹ́ lára, ìyẹn ò ní í yọ yín sílẹ̀. Ẹ lọ bá dókítà yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ jọ fòpin sí i.

Ìwádìí kan tún jáde lọ́dún 2022 látọ̀dọ̀ Luda Diatchenko, Jeffrey Mogil àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní McGill ní Kánádà, tó da ọ̀rọ̀ rú fún gbogbo wa. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn 98 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, wọ́n tún padà gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àwọn tí ìrora wọn lọ, àwọn ni neutrophil wọn ṣiṣẹ́ bí ẹni máa kú níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó kù sínú ìrora, tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ jí. Nígbà tí wọ́n fún eku ní diclofenac tàbí dexamethasone, oògùn míì tó ń pa inflammation, níbẹ̀rẹ̀, ìrora rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó wá pẹ́ lára wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má kàn bọ́ síta kẹ́ ẹ máa kéde pé kẹ́nikẹ́ni má lo oògùn ìrora tó bá fara pa o, eku ni, ẹ̀yìn sì ni, kì í ṣe nẹ́ẹ̀fù tí dígí gé. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé iná tó jó dáadáa tó sì kú lákòókò sàn ju èyí tá a bu omi sí tó wá ń rú èéfín fún oṣù mẹ́sàn-án.

Ẹ lè wá ní, ṣé kò wá sí oògùn tó lè pa microglia yẹn lẹ́nu mọ́ ni? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀. Propentofylline ṣe dáadáa lára eku, nígbà tí wọ́n fún àwọn èèyàn tí ìrora ṣẹ́kù sí lára lẹ́yìn shingles, kò yàtọ̀ sí oògùn ẹ̀tàn, èyí tí ò ní oògùn kankan nínú. Tanezumab tó ń dí NGF mú ìrora oríkèé rọlẹ̀, àmọ́ ó ba oríkèé àwọn kan jẹ́, àwọn tó ń ṣe é sì pa á tì lọ́dún 2021. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun ní oògùn tó ń fọ inflammation kúrò nínú nẹ́ẹ̀fù, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Àwọn tó wà tó ń ṣiṣẹ́, bíréèkì ni wọ́n ń bá ṣe tàbí wáyà tó gbóná yẹn. Amitriptyline àti duloxetine ń ran bíréèkì tó ń bọ̀ látọ̀dọ̀ ọpọlọ lọ́wọ́. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ni wọ́n, bí wọ́n bá kọ ọ́ fún yín ẹ má rò pé wọ́n ti pè yín ní alárùn ọpọlọ. Gabapentin àti pregabalin ń dín ìròyìn tí nẹ́ẹ̀fù ń tú síta kù. Kò sí èyí tó ń gba gbogbo èèyàn nínú wọn: nínú àkójọ ńlá kan tó jáde lọ́dún 2015, èèyàn bíi 4 ló ní láti lo irú amitriptyline kí ẹnì kan tó rí ìrora ẹ̀ dín dé ìdajì, ti pregabalin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ó gbà yín, oorun àti òòyì ló sì ń kọ́kọ́ dé, torí ẹ̀ lọ̀pọ̀ ṣe ń jù ú nù lọ́jọ́ kẹrin. Ẹ má dá a dúró lójijì. Kí wọ́n mọ̀ bí ọkàn àti kídìnrín yín ṣe rí kí wọ́n tó kọ ọ́. Fún ibi kékeré bíi tiyín, mo fẹ́ràn páàsì lidocaine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ awọ, kò ní í kan orí yín. Páàsì capsaicin 8% náà wà, capsaicin ni ohun tó ń mú ata ta, ilẹ̀kùn TRPV1 ọjọ́ kìíní yẹn náà ló ń ṣí, ó máa ń ṣí i débi tí ẹnu nẹ́ẹ̀fù á fi fà sẹ́yìn fún oṣù mélòó kan, àmọ́ ọsibítù ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe nǹkan tẹ́ ẹ máa dá ṣe nílé.

Ṣùgbọ́n kó tó kan oògùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọwọ́ yẹn wò dáadáa, ó gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó pọ̀ jù. Òwú ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, n ó fà á jẹ́jẹ́ látibi tí ò dùn wá sí ibi tó ń dùn, ojú èèyàn ni mo máa ń wò, kì í ṣe ọwọ́, ibi tí ojú bá ti yí padà n ó fi báírò sàmì síbẹ̀. N ó tún fi orí píìnì ṣe bẹ́ẹ̀. Tí mo bá yí i po tán, àwòrán ilẹ̀ nẹ́ẹ̀fù kan ṣoṣo ló sábà máa ń jáde lórí awọ, ẹni tó ti ń rò pé orí òun ló ń dàrú á wá rí i tí ó ní ààlà. Lẹ́yìn náà n ó fi ìka kan ojú àpá pẹ́pẹ́. Bí nǹkan bá ń rìn lọ sí àtàǹpàkò bí èèrà, nẹ́ẹ̀fù tó ń hù tàbí tó ta kókó wà lábẹ́ ibẹ̀. Jules Tinel tó kọ nípa ẹ̀ lọ́dún 1915 ní èdè Faransé, orúkọ tóun náà fún un wá látara èèrà. Tí ibi kan ṣoṣo bá ń ta bẹ́ẹ̀, kí oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ rí yín, kí wọ́n fi ultrasound wá kókó yẹn, torí neuroma wà lára ìwọ̀nba ohun tí iṣẹ́ abẹ lè ràn lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Tí ọwọ́ náà bá wú lódindi, tí àwọ̀ ẹ̀ ń yí padà, tó ń làágùn lọ́tọ̀, tó tutù tàbí gbóná ju èkejì lọ, tàbí tí ìka ò fẹ́ ká mọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí wọ́n fún yín, ẹ tètè lọ, ìyẹn lè ti kúrò ní ọ̀rọ̀ nẹ́ẹ̀fù kan.

Nílé, ẹ má di ọwọ́ yẹn pa mọ́. Spinal cord tí wọn ò ránṣẹ́ gidi sí, àròyé ara ẹ̀ láá máa gbọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́lẹ́ jù tẹ́ ẹ ní, ẹ fi ra ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, tí ìyẹn bá ti ń ṣe é fara dà ẹ bọ́ sórí òwú, lẹ́yìn náà táwẹ́ẹ̀lì. Kó ta yín díẹ̀ ò burú, tó bá ń jó di alẹ́ ẹ ti sáré jù nìyẹn, ẹ padà sórí èyí tó ṣáájú. Aago yẹn, ẹ gbé e sọ́wọ́ kejì ná.